Sẹ́ńsọ̀ infrared ẹ̀rọ broderie mi ti kú, ẹ bá mi dá sí i

AránṣọOuando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ broderie olórí kan ni mo ń lò, ará Japan, ó ti dàgbà, Yúróòpù ni wọ́n ti kó o wá kí n tó rà á. Òun ló ń ṣe ọrùn agbádá àti àyà bùbá fún mi, òun náà ni mo fi ń bọ́ ilé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ló ti ń ṣe ségesège. Kí ó tó gé òwú tàbí kí ó tó pààrọ̀ àwọ̀, ọ̀pá ńlá inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ní 100 lórí àwo ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn 100 digírì. Ní báyìí, ibi tó bá wù ú ló ń dúró sí. Ojú rẹ̀ á kọ ọ́ pé ọ̀pá kò sí ní ipò, iṣẹ́ á sì dá dúró.

Mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Àwo dúdú pẹlẹbẹ kan wà lórí ọ̀pá náà, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀. Etí àwo yìí ń gba àárín nǹkan dúdú kékeré kan tó la ẹnu bíi fọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní Kútọnu ní sẹ́ńsọ̀ infrared ni, pé ó ti kú, pé wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, àfi kí n ra odindi pátákó rẹ̀ láti òkèèrè. Owó tí wọ́n dá lé e kò sí lọ́wọ́ mi. Aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà sì wà nílẹ̀. Ǹjẹ́ a lè fi ọwọ́ wa ṣe òmíràn? Mo lè jó òjé, mo ní mítà, ṣùgbọ́n n kò lè dá ya sákíìtì.

AlátùnṣeKétu

Ẹ kú ìdààmú iṣẹ́. Ẹ má tíì ra ohunkóhun o.

Apá méjì ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ní. Ẹsẹ̀ kan nínú fọ́ọ̀kì náà jẹ́ LED tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí. Ẹsẹ̀ kejì jẹ́ phototransistor tó ń gba ìmọ́lẹ̀ yẹn. Àwo wà láàárín wọn, ó dí wọn. Bí ihò bá yí débẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kọjá, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé 100 ti pé. Gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ fún ẹ̀rọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yín ń retí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ sákíìtì tó dára lórí tábìlì tí kò wúlò fún ẹ̀rọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ kò wọn nǹkan kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bóyá LED ṣì ń tàn. Kámẹ́rà fóònù ń rí infrared, ṣùgbọ́n kámẹ́rà iwájú, èyí tí ẹ fi ń ya ara yín, ni kí ẹ lò, torí kámẹ́rà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù ní gíláàsì tó ń dí i. Ẹ dán fóònù náà wò lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ná: tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ rí iná àlùkò tó ń ṣẹ́jú, fóònù yín dára. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé e síwájú fọ́ọ̀kì ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka wáyà tó jáde lára sẹ́ńsọ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná, òdì, àti wáyà ìròyìn tó ń lọ sínú ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, méjì lè jẹ́ ti LED, méjì ti phototransistor. Ẹ fi mítà wọn iná tó wà láàárín wọn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lẹ́nu wáyà rẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ padà, kí ẹ sì wọn wáyà ìròyìn yẹn sí òdì láìsí sẹ́ńsọ̀ níbẹ̀ rárá. Ohun tí mítà bá sọ níbẹ̀ ni máa kọ́kọ́ bi yín.

ÌyáỌnà (Ìgóló)

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nù ún. Èmi náà ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí òwú máa ń wọ inú ẹnu fọ́ọ̀kì yẹn, òróró ẹ̀rọ á bá a lẹ̀ pọ̀, eruku ọyẹ́ á wá dì í pa. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó dí, torí dúdú lórí dúdú ni. Ẹ fi òwú tí wọ́n fi ń nu etí, kí ẹ fi ọtí ilé oògùn rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ nù ún nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ má fi kpayo, epo bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà, nù ún o, ẹ má sì fi ohun tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ nù ún. Wọ́n ń mú kí ike yẹn ṣú, kódà ó lè sán. Mo fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín, mo ti rí i lára ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

AránṣọOuando

Ìyá mi, ẹ ṣeun. Mo nù ún, ìdọ̀tí tó jáde pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ wo ohun tí mo rí.

Fóònù rí iná rìmóòtù dáadáa. Nígbà tí mo gbé e síwájú fọ́ọ̀kì, kò sí ohun tó hàn. Wáyà mẹ́ta ló wà: pupa, dúdú, funfun. Láàárín pupa àti dúdú, 12 V. Láàárín funfun àti dúdú, 12 V náà ni, yálà ihò wà lẹ́nu fọ́ọ̀kì tàbí kò sí níbẹ̀. Mo wá yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò pátápátá, funfun ṣì jẹ́ 12 V.

AlátùnṣeKétu

Ó dára gan-an. Ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

LED ti kú, ìyẹn dá mi lójú nítorí pé 12 V wà níbẹ̀ tí kò sì tàn. Èkejì ṣe pàtàkì jù: wáyà funfun ní 12 V láìsí sẹ́ńsọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sókè láti inú, pẹ̀lú rẹsísítọ̀ kan. Ó ń dúró de kí sẹ́ńsọ̀ fà á wálẹ̀ sí òdì. Irú ìyẹn ni àwọn tó ń ta sẹ́ńsọ̀ ń pè ní NPN. Tí wọ́n bá ta PNP fún yín, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti ti iná síta, kò ní bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀ láé, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Ẹ bá mi ṣe ìwọ̀n kan sí i. Ẹ yí mítà sí mA, ẹ fi kàn funfun àti dúdú. Yóò sọ iye tí ẹ̀rọ ń fún wáyà funfun nígbà tí a bá fà á wálẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ bá ṣe gbọ́dọ̀ lè gbé ìyẹn. Ẹ ṣọ́ra o, kí ó jẹ́ funfun sí dúdú nìkan. Mítà tó wà lórí mA tí ẹ bá fi kan pupa, fíúsì rẹ̀ lọ nìyẹn.

AránṣọOuando

Ó sọ 5 mA, ó lé díẹ̀.

RédíòṢábẹ̀ẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìsàlẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni iṣẹ́ mi.

Ẹ wá fọ́ọ̀kì tuntun. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa ni H21A1, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, àlàfo ẹnu rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 3. Ẹ kọ́kọ́ wọn bí àwo yín ṣe nípọn sí, àti bó ṣe ń mì nígbà tó bá ń yí, kó má lọ máa ha ike. Bí 3 bá há jù, ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 5.

LED inú rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi 1.2 V. A fẹ́ kí 20 mA gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú 12 V, ẹ yọ 1.2 V, ó ku 10.8 V. Ẹ pín in sí 0.02 A, ó jẹ́ 540 Ω. Wọn kì í ta 540, 560 Ω ni kí ẹ rà. Ooru tó máa wà lórí rẹ̀ sún mọ́ ìdá mẹ́rin wáàtì kan, torí náà ẹ má lo àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ìdá mẹ́rin wáàtì yẹn, wọ́n á máa gbóná kọjá bó ṣe yẹ lójoojúmọ́. Ẹ lo èyí tó jẹ́ ìdajì wáàtì. Bóyá ohun tó pa LED àkọ́kọ́ náà nìyẹn: LED tí wọ́n ń fún ní iná púpọ̀, tí kì í sinmi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún títí kò fi ní tó mọ́.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ so phototransistor tààrà: collector (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀) sí funfun, emitter (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà jáde) sí dúdú, ó parí. Fún ẹ̀rọ tó ń fúnni ní ìdá kékeré mA kan, ìyẹn dára. Ti yín ju 5 mA lọ, phototransistor kékeré báyìí lè fa nǹkan bíi 1 mA tàbí 2 mA péré. Kò ní lè fa funfun dé ilẹ̀, á gbé e sí àárín méjì, ẹ̀rọ kò sì ní mọ èyí tó máa gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ fi LM393 sí i, ìyẹn IC kékeré kan tó ń fi iná ẹnu ìwọlé rẹ̀ méjì, + àti –, wé ara wọn.

LM393 ń gba 2 V títí dé 36 V, 12 V yín kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹnu ìjáde rẹ̀ kì í ti iná síta, ó ń fà á wálẹ̀ ni, ohun tí ẹ̀rọ yín sì ń bèèrè gan-an nìyẹn. Ẹ so collector phototransistor mọ́ pupa nípasẹ̀ 10 kΩ, emitter sí dúdú. Láti ibi tí 10 kΩ àti collector ti pàdé ni ẹ ti máa mú ìròyìn lọ sí ẹnu + LM393. Ẹ gbé pótẹnṣọ́mítà 10 kΩ, ìyẹn rẹsísítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣeé yí, sí àárín pupa àti dúdú, kí ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ lọ sí ẹnu –. Ìjáde lọ sí wáyà funfun. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, ibi ìpàdé yẹn á já wálẹ̀, ẹnu + á kéré sí ẹnu –, ìjáde á sì fa funfun sílẹ̀.

Ẹ fi 470 kΩ kan so ìjáde padà mọ́ ẹnu +. Rẹsísítọ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Òun ni kì í jẹ́ kí ìjáde máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ nígbà tí etí ihò bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Láìsí i, ihò kan lè di ìròyìn méjì tàbí mẹ́ta fún ẹ̀rọ. Kápásítọ̀ 100 nF sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná LM393, ẹ má fojú fò ó. Irú afiwéra bẹ́ẹ̀ méjì ló wà nínú LM393 kan, ẹ so àwọn ẹnu ìwọlé ìkejì tí ẹ kò lò mọ́ dúdú.

Olùkọ́Iná (Àjàṣẹ́)

Ọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gba ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù fún yín, TSOP ni wọ́n ń kọ sára wọn. Infrared ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú ní 38 kHz ló ń dáhùn, ìmọ́lẹ̀ tó dúró gbọnyin bíi ti LED yín kò ní rí i rárá. Àwọn ọmọ mi máa ń fi ìyẹn fi àsìkò ṣòfò.

Bí ẹ bá lè rí èyí tí wọ́n ti parí, ẹ rà á. EE-SX670 ti Omron ń gba 5 V dé 24 V, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 5, NPN ni, ìjáde rẹ̀ sì lè fa 100 mA. Ohun gbogbo tí Ṣábẹ̀ẹ́ kà sílẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ L sí: bí ẹ bá so L mọ́ +, ó ń fà wálẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, bí ẹ kò bá so ó, ó ń fà wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dí i. Aránṣọ tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò láti di ẹlẹ́ẹ̀kítíróníkì kí Iléyá tó dé.

RédíòṢábẹ̀ẹ́

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí pátá. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà pọ̀ tí kì í ṣe ojúlówó. Ẹ̀ẹ̀kejì, ibi tí wọ́n ti lu ihò bóòtù lára rẹ̀ kò bá ti ẹ̀rọ àtijọ́ mu, ẹ máa wá irin tí ẹ máa fi gbé e. H21A1 pẹ̀lú LM393 kéré lówó, bí ọ̀kan bá kú lọ́la, aránṣọ á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ fún un.

Olùkọ́Iná

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí irin ìgbéró. Kí aránṣọ fúnra rẹ̀ yàn. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ó fi LM393 sílẹ̀ torí pé ó dà bíi pé ó nira.

ỌmọAlábà

Ẹ kú ìjókòó o. Èkó ni mo wà, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni mí, mo ń ra ọjà ní Alábà wá sílé.

Ní Kútọnu, ẹ sọ fún wọn pé fourche optique tàbí capteur à fourche. Ní Alábà, ẹ sọ pé slot sensor. Ẹ mú sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ dání, ẹ fi hàn wọ́n, ìyẹn yá ju àlàyé lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán an wò níbẹ̀: ẹ yí mítà sí ibi díódù, ẹ fi kan ẹsẹ̀ méjì ti LED, ó yẹ kó sọ nǹkan bíi 1 V tàbí kó lé díẹ̀; ẹ yí i padà, kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Bí ó bá sọ òdo ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ dá a padà fún un.

Bí owó bá ń ṣe yín ní wàhálà, ẹ lọ bá àwọn tó ń tú printer àti fotokópì tó ti bàjẹ́ láti ta irin wọn. Inú wọn kún fún irú fọ́ọ̀kì yìí, torí ìwé ni wọ́n ń fi ń ṣọ́. Kódà màúùsì kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú, LED infrared àti ohun tó ń gbà á ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àgbá oníhò wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin sáà mú wáyà kúrò lára pátákó pẹ̀lú sùúrù, ẹ má jẹ́ kí irin gbígbóná pẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

AránṣọOuando

Ọlọ́run á bù sí i fún gbogbo yín. Mo rí fọ́ọ̀kì náà nínú printer tí wọ́n ti tú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó, kámẹ́rà fi hàn pé LED rẹ̀ ń tàn. Mo ra LM393 àti àwọn ìyókù. Mo tẹ̀ lé ohun tí Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ kọ, lórí tábìlì ó ń ṣiṣẹ́: tí mo bá fi páálí dí i, mítà lọ sókè, tí mo bá yọ páálí, ó já wálẹ̀ sí òdo.

Mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Láàárọ̀, ó dára. Lọ́sàn-án, ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan á dúró ní 100, ẹ̀ẹ̀kan á kọjá. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ yá jù fún un? Ó ń gún abẹ́rẹ́ 800 ní ìṣẹ́jú kan.

Olùkọ́Iná

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 800 ní ìṣẹ́jú kan, yíyí kan ń gba 75 mílíìsẹ́kọ́ndì. Bí ihò àwo yín bá fẹ̀ tó 5 digírì nínú 360, ìmọ́lẹ̀ á wọlé fún nǹkan bíi mílíìsẹ́kọ́ndì 1 ní yíyí kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn ó kéré. Fún phototransistor pẹ̀lú 10 kΩ, tó ń dáhùn láàárín ìwọ̀nba máíkróìsẹ́kọ́ndì, àyè púpọ̀ ni. Kì í ṣe ìyára.

Ohun tó ń yí padà láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán ni kí ẹ wá. Níbo ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín kọjú sí?

AránṣọOuando

Ìwọ̀-oòrùn. Tí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń wọlé títí dé ara ẹ̀rọ. Ìdérí ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀ torí mo ṣì ń wo sẹ́ńsọ̀ náà.

Olùkọ́Iná

Ó ti hàn. Infrared kún inú oòrùn. Ní ọdún 1800, William Herschel fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀, ó fi ohun ìwọ̀n ooru sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ó sì bá ooru níbẹ̀ tó ju ti àwọn àwọ̀ yòókù lọ. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ yìí wà nìyẹn. Phototransistor yín kò mọ ti LED yàtọ̀ sí ti oòrùn. Bí oòrùn bá ti wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó gbà pé ihò ti dé, bẹ́ẹ̀ àwo ṣì dí i. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá ìdérí padà. Ẹ wá yí pótẹnṣọ́mítà: ẹ wọn iná ibi ìpàdé collector nígbà tí àwo dí i, àti nígbà tí ihò ṣí i, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ àárín pótẹnṣọ́mítà sí agbedeméjì iye méjèèjì yẹn. Ẹ má fi ojú lásán ṣe é.

ÌyáỌnà (Ìgóló)

Ṣé kí ó má kàn fi ọ̀rá dúdú bò ó?

RédíòṢábẹ̀ẹ́

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó dán ọ̀rá náà wò ná. Ohun tó dúdú lójú wa kì í ṣe dúdú fún infrared nígbà gbogbo. Àwọn ike kan wà tí wọ́n dúdú kirikiri tí infrared ń gba inú wọn kọjá fàlàlà, òun ni wọ́n fi ń dé ojú rìmóòtù kan. Kí ó fi ọ̀rá náà sí àárín rìmóòtù àti kámẹ́rà fóònù. Bí ó bá ṣì rí iná, kò wúlò. Páálí tó nípọn tàbí irin pẹlẹbẹ ló dájú. Bí ó bá jẹ́ irin, kó má kan ẹsẹ̀ kankan lára pátákó.

AlátùnṣeKétu

Ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, òun ló sì máa ń pa iṣẹ́ irú èyí: ibi tí ẹ máa de fọ́ọ̀kì náà mọ́. Sákíìtì tó dára jù, tí ẹ bá gbé e sí ibi tí ó fi díẹ̀ yàtọ̀, ọ̀pá á dúró ní 104 tàbí 96, ọ̀bẹ òwú á sì máa gé níbi tí kò yẹ. Ó lè fọ́ abẹ́rẹ́.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ìjọba, ẹ dúró díẹ̀, torí iná ṣì máa ń wà nínú àwọn kápásítọ̀ ńlá tó ń fún mọ́tò ní agbára. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi pátákó mọ́tò. Kí ẹ tó tú fọ́ọ̀kì náà, ẹ fi ohun mímú fa ìlà sára irin níbi tó wà. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá títí àwo ìwọ̀n fi dé 100 gangan. Ẹ fún sákíìtì yín nìkan ní 12 V láti ibòmíràn, bátìrì kékeré tó, ẹ so 2.2 kΩ láti pupa sí funfun kí ó rí ohun tó máa fà wálẹ̀, ẹ fi mítà sí funfun. Ẹ wá máa sún fọ́ọ̀kì náà díẹ̀díẹ̀ títí mítà fi já wálẹ̀. Ẹ yí ọ̀pá síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já àti ibi tó ti ń dìde padà. Ohun tí ẹ̀rọ yín ń kà ni ẹ máa gbé sí 100: ẹlòmíràn ń ka etí ìbẹ̀rẹ̀ ihò, ẹlòmíràn ń ka àárín. Ìlà tí ẹ fà sára irin á sọ èyí fún yín. Ẹ wá dè é, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é, torí bóòtù máa ń yí i nígbà tí ẹ bá ń fún un.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú: ẹ má jẹ́ kí ó bá wáyà mọ́tò rìn pọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá.

AránṣọOuando

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá dúdú tí Ìyá sọ, mo dán an wò: kámẹ́rà rí iná rìmóòtù láti ẹ̀yìn rẹ̀ kedere, ẹnu yà mí. Mo fi páálí ṣe ilé kékeré fún fọ́ọ̀kì náà, mo dá ìdérí padà. Nígbà tí àwo dí i, ibi ìpàdé jẹ́ 11.6 V, nígbà tí ihò ṣí i, 0.4 V. Mo gbé pótẹnṣọ́mítà sí 6 V.

Fọ́ọ̀kì ti inú printer kò ní ihò bóòtù kan náà, torí náà mo ní kí ajórin gé irin pẹlẹbẹ fún mi, a fi ihò gígùn sí i kí n lè máa sún un. Ìlà tí Ẹ̀gbọ́n Kétu ní kí n fà ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Etí ìbẹ̀rẹ̀ ihò ni ẹ̀rọ tèmi ń kà.

Ó ń dúró ní 100. Ó ń gé òwú. Ó ń pààrọ̀ àwọ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé, kò mì. Mo ti parí ọrùn agbádá mẹ́ta láìdúró. Inú mi dùn púpọ̀, ẹ̀yin ará mi. Kí ni kí n ṣe kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ má tún bà á jẹ́?

ÌyáỌnà (Ìgóló)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi máa nù ún, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi òróró sí ẹ̀rọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń dì mọ́ ọn.

RédíòṢábẹ̀ẹ́

Ẹ kun pátákó LM393 náà pẹ̀lú fáníìṣì tí kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa ń jẹ ojú ibi tí a fi òjé jó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu fọ́ọ̀kì rárá, ẹ má sì kun pótẹnṣọ́mítà. Ẹ ya sákíìtì náà sórí ìwé, ẹ kọ àwọ̀ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti 6 V yẹn sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí.

OnífotokópìKétu

Ẹ dákun, èmi náà ní fotokópì àtijọ́ tí sẹ́ńsọ̀ ìwé rẹ̀ ti kú, wáyà mẹ́ta náà ni. Iná rẹ̀ jẹ́ 24 V, wáyà ìròyìn jẹ́ 5 V nígbà tí mo yọ sẹ́ńsọ̀. Ṣé sákíìtì kan náà ni?

RédíòṢábẹ̀ẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Fún LED: 24 yọ 1.2, ó ku 22.8, ẹ pín in sí 0.02, 1140 Ω, ẹ ra 1.2 kΩ. Ooru rẹ̀ sún mọ́ ìdajì wáàtì, torí náà wáàtì 1 ni kí ẹ rà. LM393 ń gba 24 V láìsí wàhálà. Ìjáde rẹ̀ lọ sí wáyà 5 V yẹn tààrà, nítorí pé fífà wálẹ̀ nìkan ló ń ṣe, kò ní gbé 24 V lọ síbẹ̀. Àfi 470 kΩ yẹn: tiyín kò ní ṣiṣẹ́ bíi ti aránṣọ, torí ìjáde kì í ga ju 5 V lọ. Ẹ yọ ọ́ ná. Ìwé kì í yára kọjá bíi ihò àwo, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gbọ̀n, ẹ fi 7805 sọ 24 V di 5 V fún gbogbo sákíìtì, kí 10 kΩ, pótẹnṣọ́mítà àti LM393 wà lórí 5 V kan náà, kí ẹ sì dá 470 kΩ padà. LED á wá di 180 Ω tàbí 220 Ω nígbà náà. Ẹ fi kápásítọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn 7805 náà, kí ẹ sì wọn mA wáyà ìròyìn yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí Ẹ̀gbọ́n Kétu ṣe sọ.